Táǹkì Kúláńtì Kì í Ṣe Garawa: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lára Motorhome Àtijọ́

Bí táǹkì kúláńtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) bá ń jò, ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra motorhome àlòkù, ọkọ̀ ńlá tí a ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fi fóònù wá tuntun rà. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tuntun náà á tún máa jò, tàbí kí ẹ́ńjìnnì máa gbóná tí wọ́n bá ń gun òkè. Ẹ jọ̀ọ́, táǹkì yẹn kì í ṣe garawa tí a ń pọn omi sí. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe: ó ń fún kúláńtì láyè láti fẹ̀ bó bá gbóná, ó ń ya afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, ó sì ń ti omi sẹ́nu pọ́ọ̀ǹpù omi ẹ́ńjìnnì kí pọ́ọ̀ǹpù má baà fa òfo. Ìdí nìyẹn tó fi ga ju gbogbo yòókù lọ. Àwọn motorhome oní-dísẹ́ẹ̀lì ti Amẹ́ríkà tí ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn là ń sọ, irú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì Cummins lítà 5.9 tàbí 8.3.

1. Rírà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Omi tó ń kán lábẹ́ táǹkì lè wá láti ọrùn ìdérí tàbí kílíìpù tó dẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ de pọ́ọ̀ǹpù àyẹ̀wò mọ́ ọrùn táǹkì, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i dé iye agbára tí wọ́n kọ sórí ìdérí, ẹ má kọjá a, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 15. Táǹkì irin máa ń dípẹtà níbi tí àmùrè rẹ̀ ti dì í mú. Alumíníọ̀mù a máa là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó. Ike a máa là lójú ìsopọ̀ àti nídìí ẹnu họ́ọ̀sì. Bí họ́ọ̀sì bá le gbandi kí ẹ́ńjìnnì tó móoru rárá, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ni kí ẹ lọ wò. Ẹni tó bá pààrọ̀ táǹkì nírú ipò yẹn fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

2. Gọ́ọ̀mù. Kì í mú ike táǹkì. Oògùn adíhò tí wọ́n ń dà sínú omi ńkọ́? Hítà iwájú ló máa kọ́kọ́ dí.

3. Ìdérí. Bí ti àtijọ́ bá jẹ́ 7 psi (ìwọ̀n agbára tí ìdérí ń dì mú), 7 ni kí ẹ rà. Lóòótọ́, psi kọ̀ọ̀kan ń sún ibi tí omi ti ń hó sókè ní nǹkan bí 1.6°C, ṣùgbọ́n 15 lórí hítà tó ti lo ogún ọdún lè tú u ká sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

4. Họ́ọ̀sì. Ibí yìí ni owó ti ń wọgbó jù. Họ́ọ̀sì ńlá kan, tó sábà máa ń tó 3/4 sí 1 íǹṣì, ń ti ìdí táǹkì sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí pọ́ọ̀ǹpù ti ń fa omi. Àwọn kéékèèké ń gòkè bọ̀, ọ̀kan láti orí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan láti orí rédíétọ̀, wọ́n ń kó afẹ́fẹ́ wá sókè táǹkì. Ẹni tó ra táǹkì tí ihò kékeré rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan á so méjèèjì pọ̀ mọ́ ojú kan. Agbára omi níbi méjèèjì kò dọ́gba. Èyí tó le á máa ti èyí tó rọ̀ padà, afẹ́fẹ́ á sì há sínú rédíétọ̀. Ẹlòmíràn á fi bóòtù dí ọ̀kan pa, kò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn á fi họ́ọ̀sì gígùn tó rọ̀ dòdò bí okùn aṣọ sísá. Omi á jókòó síbi tó rọ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè kọjá. Láti ìsàlẹ̀ dé táǹkì, gígòkè ni kó máa gòkè. Ẹ má sì fi họ́ọ̀sì ńlá rọ́pò kékeré: omi á máa ya wọ inú táǹkì, á máa ru gùdù, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó yà kúrò á tún bá a padà.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ lẹ téèpù mọ́ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ ya fọ́tò. Ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú àwọn họ́ọ̀sì kéékèèké ní kété tí ẹ bá ti fomi ṣàn wọ́n dáadáa. Bí kò bá kọjá, ẹ wo nọ́sù (ẹnu kékeré tí họ́ọ̀sì ń kì bọ̀) tó wà lórí ẹ́ńjìnnì: ihò rẹ̀ lè má ju ẹnu ìṣó lọ, ìpẹtà sì ń dí i. Ẹ fi wáyà tì í. Ẹ má lù ú fẹ̀. Àwọn kan ti ra pọ́ọ̀ǹpù, tẹ́mósítáàtì (fáàfù tó ń ṣí bí omi bá gbóná) àti rédíétọ̀ tuntun nítorí nọ́sù kan ṣoṣo yìí.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí omi ṣe kù sí nínú táǹkì ńkọ́? Èyí tó ní wáyà kan ṣoṣo lára táǹkì irin, ara táǹkì ló ń gbà parí iná rẹ̀. Tí ẹ bá gbé táǹkì ike síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lo oní-wáyà méjì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iná ìkìlọ̀ kò ní sọ òótọ́.

Rọ́bà abẹ́ táǹkì: ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ló ń la ojú jíjó.

Àwọ̀ kúláńtì kọ́ ni irú kúláńtì, ẹ ka ara gálọ́ọ̀nù. Ẹ́ńjìnnì 8.3 ní sílífù (irin bíi páìpù tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀) tí omi ń kàn lẹ́yìn. Ìhó omi kéékèèké tó ń bẹ́ síbẹ̀ ń gbẹ́ irin náà títí á fi lu. Àfikún oògùn tí wọ́n ń pè ní SCA ló ń dáàbò bò ó, kúláńtì àtijọ́ aláwọ̀ ewé sì nílò rẹ̀. Bébà àyẹ̀wò ni kó sọ fún yín bóyá ó tó. 5.9 kò ní irú sílífù bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò dára, omi dísítíìlì ni, ìdajì sí ìdajì. Èyí tí wọ́n ti pò tán, ẹ má tún bu omi là á.

Bí ẹ bá ń rọ ọ́, ẹ ṣí fáàfù hítà iwájú sílẹ̀, kí ẹ sì rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kún un dé ẹnu: kúláńtì ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 5 nínú 100, lítà 60 á wá àyè lítà 3. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì títí tẹ́mósítáàtì á fi ṣí, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí ìdérí láti fi kún un. Họ́ọ̀sì hítà ń rìn láti ẹ̀yìn ọkọ̀ dé iwájú, nítorí náà bí atẹ́gùn tútù bá ṣì ń jáde lára dáṣíbọ́ọ̀dù, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Kí ẹ sì nu èyí tó dà sílẹ̀, nítorí ó dùn lẹ́nu ajá, ó sì ń pa á.