Bí A Ṣe Ń Yan Ìwé Ìtàn-Àròsọ Tí A Ó Gbádùn ní Láíbìrì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé òun kò fẹ́ràn ìwé kíkà ló jẹ́ pé inú ìdánwò ló ti mọ ìwé ìtàn. Wọ́n ní kó há orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn sórí, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè títí ìtàn náà fi kan lẹ́nu rẹ̀. Ìwé tí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn lọ yá kò ní ìdánwò lẹ́yìn. Nílẹ̀ wa, ilẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ìbáà jẹ́ láíbìrì ilé-ìwé ní Kàbbà tàbí Ìsánlú, ìbáà jẹ́ yàrá kékeré tí ìjọ kan kó ìwé sí ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Mọ̀pà, ẹ má gbé ìwé kankan torí pé wọ́n ń yìn ín. Ẹ tọ́ ọ wò níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ronú sí irú ọ̀rọ̀ tó máa ń mú yín jókòó pẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ olè àti ọlọ́pàá ni, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí wà fún yín: Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọpasẹ̀ ọ̀daràn nínú Àjà Ló Lẹrù (1969), ó sì tún padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn (1971). Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974 ń sọ nípa ọmọ yunifásítì kan tí kò mọ èyí tí yóò mú nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́. Ẹni tó ti wo fíìmù rẹ̀ ṣì máa rí ohun púpọ̀ nínú ìwé náà.

Ìwé tó bá fara kan ohun tí a ti gbọ́ nílé tẹ́lẹ̀ máa ń dùn ní ìlọ́po méjì. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ bí àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ṣe ń kó ènìyàn lẹ́rú nílẹ̀ Okun, títí di 1897 tí Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà. Ẹni tí ìtàn yẹn bá wà lára rẹ̀, kó gbé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ (1969), ìtàn ìlú kan tó ń sin ìlú mìíràn tó sì fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ìtàn tiwa, Ọ̀yọ́ ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ìbínú inú rẹ̀ bí ẹni mọ ojú ọmọ ìyá rẹ̀.

Bí ẹ bá dé láíbìrì, ẹ kí ẹni tó wà nídìí tábìlì bí a ṣe ń kí ara wa, "Okun o!", kí ẹ sì sọ irú ìtàn tí ẹ ń wá fún un. Ẹ má sọ pé kó fún yín ní ìwé tó dáa, torí ìwé tó dáa lójú tirẹ̀ lè jẹ́ ìwé àdúrà. Ẹ sọ pé ìtàn ọlọ́pàá ni, tàbí pé ìtàn ìdílé ni. Bí ẹ bá fẹ́ dá wá a, ẹ wo nọ́ńbà ara ìwé. Níbi tí wọ́n ń lo ètò Dewey, èyí tó ń fi nọ́ńbà pín ìwé sí ọ̀wọ́, 896.333 ni lítíréṣọ̀ Yorùbá, 823 sì ni ìtàn-àròsọ tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Láíbìrì yunifásítì sábà máa ń lo lẹ́tà: ẹ wo PL fún ti Yorùbá, PR9387 fún ti Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ. Láwọn láíbìrì kéékèèké, orúkọ òǹkọ̀wé nìkan ni wọ́n fi ń tò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa ọmọ Okun gan-an. Yorùbá inú ìwé kọ́ ni a ń sọ nílé ní Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀. Ọmọ tó gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ ketekete lè ṣí ìwé kan kó sì há sí gbólóhùn kẹta. Kó má tìtorí èyí rò pé òun kò gbọ́ Yorùbá. Ìwé tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti gbé Fágúnwà ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938) ni gbogbo ayé máa kọ́kọ́ dárúkọ. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, òwe sì ń gun orí òwe. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wà nílé tó lè kà á sókè fún àwọn ọmọ lálẹ́, ẹ gbé e láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Etí ni Fágúnwà kọ̀wé fún.

Nídìí pẹpẹ, ẹ ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí àárín ìwé, níbi tí ọwọ́ bá bọ́ sí, kí ẹ ka ojú ìwé kan níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé a máa ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀, àárín ló ń fi hàn bóyá ìtàn náà ní okun. Bí ẹ bá bá ara yín lójú ìwé kejì láìmọ̀, ẹ ti rí ìwé yín. Bí ẹ bá rí "aiye" àti "enia" dípò "ayé" àti "ènìyàn", kí ìyẹn má lé yín sá. Àkọtọ́ àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ti ìwòyí ní 1974. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á sókè, etí á gbà á kí ojú tó gbà á.

Nísinsìnyí ẹ wo ara ìwé náà. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ ọjọ́ ìdápadà sí. Bí àwọn ọjọ́ náà bá pọ̀ tí wọ́n sì sún mọ́ra, àwọn ará ìlú yín ló ń du ìwé yẹn, mo sì gba ìyẹn gbọ́ ju ìyìn tí wọ́n tẹ̀ sí èèpo ẹ̀yìn lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àtàǹpàkò ṣí àwọn ojú ìwé ìparí, kí ẹ máa wo nọ́ńbà wọn: 187, 188, 191. Ewé kan ti já níbẹ̀ nìyẹn. Nínú ìtàn ọ̀daràn, ewé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè gba orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà lọ. Ẹ fi han alábòójútó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé ọwọ́ yín ló ti já. Ẹ wo bí lẹ́tà ṣe tóbi tó pẹ̀lú. Ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé lóru nítorí iná tí kò sí, kó fi ìwé onílẹ́tà wínníwínní sílẹ̀ fún ọ̀sán.

Bí òfin láíbìrì bá gbà á, ẹ yá méjì: ọ̀kan tí ó dá yín lójú, ọ̀kan tí ẹ fi ń dán nǹkan wò. Lásìkò kíkó káṣú tàbí kíkọ ebè, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ló bójú mu, bíi ti ọ̀wọ́ ìwé ìtàn tí wọ́n ń pè ní Pacesetters ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá dé nǹkan bí ojú ìwé 30 tí ọkàn yín kò sì sí níbẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ mú òmíràn. Kò sí owó yín nínú rẹ̀.

Bí ọjọ́ ìdápadà bá pé tí ìtàn ṣì ń dùn lọ, ẹ má fi ìwé pamọ́ sílé. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tuntun sí i, kí ẹ sì béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n ní òmíràn tí òǹkọ̀wé kan náà kọ, kí wọ́n lè bá yín yà á sọ́tọ̀.