Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Wọn Gbin Igi Ìbílẹ̀ sí Bèbè Odò Ògùn ní Abẹ́òkúta

Kí ẹ tó gbéra láti bá ẹgbẹ́ kan gbin igi ní Abẹ́òkúta, ẹ kọ́kọ́ wo òjò. Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà ló dára jù. Ọ̀dá kékeré oṣù Kẹjọ lè pa igi tuntun. Tó bá sì di oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, odò Ògùn á kún, pàápàá bí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983. Igi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì mulẹ̀ á bá omi lọ sí ọ̀nà Èkó.

Ẹ wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn àti ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì gbé omi mímu lítà 3 dání. Ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán wọ odò: aràn tó ń fa àtọ̀sí ajá máa ń gba awọ ara wọlé. Nílé ni kí ẹ ti fọ ìdí bàtà yín, kí ẹ má baà kó èso koríko àjèjì wá.

Ọ̀pọ̀tọ́ àti akòko ló yẹ ní ẹ̀bá omi. Ìrókò, apá àti afàrà lókè díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé tíìkì tàbí gmelina fún yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, torí igi òkè òkun ni méjèèjì. Ẹ má kó ìrókò jọ sójú kan: kòkòrò Phytolyma máa ń mú ewé rẹ̀ wú, orí igi á sì kú. Ẹ fọ́n ọn ká sáàárín igi mìíràn.

Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tó sì fẹ̀ bẹ́ẹ̀, mítà 3 síra. Hẹ́kítà kan á gba nǹkan bí igi 1,100. Ẹ ya ilẹ̀dú òkè sọ́tọ̀ kí ẹ lè dá a padà sídìí gbòǹgbò. Ẹ bomi rin ọmọ igi kí ẹ tó ya náílọ̀n kúrò, kí iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ má baà tú. Ọrùn gbòǹgbò gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan igi.

Ní ti akòko, ẹ gé ẹ̀ka tó gùn ní mítà kan, ẹ dá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ má dorí rẹ̀ kodò o! Ojú rẹ̀ òkè ló gbọ́dọ̀ wà lókè.

Ní tiwa, àlejò tó bá fi ọjọ́ kan ro ìdí igi ọdún tó kọjá wúlò ju ẹni tó gbin tuntun. Koríko àti ewé Akíntọ́lá máa ń bo ọmọ igi mọ́lẹ̀ kíákíá. Ewúrẹ́ náà ńkọ́? Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò tó ni ilẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí àwọn ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Bí igi bá kú, ẹ wú u wò. Gbòǹgbò tó lọ́ yípo: ó pẹ́ jù nínú náílọ̀n. Gbòǹgbò tó rà: omi dúró sí i, tàbí wọ́n rì í jù. Ẹ̀ka tó já, tí gbòǹgbò ṣì dára: ewúrẹ́ ni, ẹ tún un gbìn, ẹ sì tún ọgbà ṣe.