Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí Àwọn Ọmọ Họ́kì Wa Tó Mọ̀ Bí A Ṣe Ń Dúró

Wákàtí kan gbáko ni àwa òbí dáwó fún, káwọn ọmọ wa lè gbá họ́kì ní pápá yìnyín, ó sì lé ní 200 dọ́là, àmọ́ ìṣẹ́jú 50 péré làwọn ọmọ rí lò lórí yìnyín. Ìṣẹ́jú tó kù, Zamboni ló jẹ ẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń họ ojú yìnyín tó sì ń da omi gbígbóná lé e kó lè tún dán. Nígbà tí mo bi àwọn tó ni pápá, wọ́n ní bó ṣe ń rí káàkiri Minnesota, ìpínlẹ̀ tá à ń gbé ní Amẹ́ríkà, nìyẹn. Mo wádìí, òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló tún bí mi nínú jù.

Inú bíbí yẹn ni mo fi gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sísàlẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ USA Hockey, ìyẹn àjọ tó ń darí họ́kì ní Amẹ́ríkà, àti ìwádìí bóyá èèyàn ti jẹ̀bi ọ̀ràn rí, ìyẹn ò le. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi máa ń to gbogbo ọmọ sórí ìlà kan ṣoṣo: ọ̀kan á sáré, àwọn yòókù á máa wòran. Owó ta ni wọ́n fi ń wòran? Mo dá pápá sí mẹ́ta ní ìbú, apá kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, tí fèrè bá dún, wọ́n á bọ́ sí òmíràn. Kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀ o. Láti 2009 ni USA Hockey ti ń polongo irú ìgbáradì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Dídúró ló wá dá wa dúró. Gbogbo wọn ló mọ eré sá, ògiri sì ni bíréèkì wọn. Ọmọ tó yẹ kó dúró nídìí kóònù á yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ wọ àárín àwọn tó ń ta puck, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tá a fi ń gbá họ́kì, síra wọn, gbogbo wọn á dojú dé. Mo ṣàlàyé títí: ẹ yí ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tẹ orúnkún. "Yes, Coach!" Gbàà, ara ògiri.

Ni mo bá kó puck pa mọ́. Mo ní kí kálukú di ògiri mú, kó máa fi ẹsẹ̀ kan ti yìnyín síta títí á fi máa fọ́n bíi gàrí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n rọra rìn kí wọ́n tó dúró, kó tó wá kan eré. Wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo! Ẹ̀gbẹ́ kejì gbà wá ju oṣù kan lọ. Ìyá ọmọ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú bíi tèmi, ké láti orí àga ìwòran pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní gbá họ́kì lónìí náà ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ń hó.

Ọmọ kan wà tó ń ṣubú ṣáá. Mo gbé bàtà rẹ̀ sókè, irin abẹ́ rẹ̀ ò lójú rárá. Bàtà tuntun kì í sábà wá ní pípọ́n, ẹni tó tà á sì gbowó láìwí nǹkan kan. Ẹ fi èékánná fa ojú irin náà díẹ̀. Bí kò bá họ èékánná, kò tíì mú. Ọjọ́ tí wọ́n pọ́n bàtà yẹn ni ọmọ náà dúró.

Ní báyìí, ọ̀tún àti òsì, kò sí èyí tí àwọn ọmọ mi ò lè fi dúró, àwọn tó ń bá wa díje kì í sì í rí irú rẹ̀ ṣe. Àwọn ará ilé ṣì máa ń pè láti Nàìjíríà pé kí lèèyàn dúdú ń wá lórí yìnyín. Mo máa ń sọ fún wọn pé Okene ni wọ́n bí Akim Aliu sí ní 1989, ó sì gbá họ́kì fún ẹgbẹ́ Calgary Flames ní NHL, líìgì họ́kì tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ra puck aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ áńsì 4. Ti àgbà, áńsì 6, ti wúwo jù fún ọwọ́ wọn. Kí òbí sì múra fún ọmọ rẹ̀ tán kí ilẹ̀kùn pápá tó ṣí. Èmi ò di okùn bàtà ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.