Ohun Tí Ojú Mi Rí Kí N Tó Dá Àṣá Méjì Mọ̀ Lójú Òfuurufú

Owó tí mo ná sórí awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn tuntun ni ó dùn mí jù. Ẹni tí ó tà á fún mi fi dá mi lójú pé, níwọ̀n ìgbà tí ó ti ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 12, kò sí àṣá tí n kò ní dá mọ̀. Mo gbé e lọ sí Braddock Bay, ní etí gúúsù adágún Ontario ní ìpínlẹ̀ New York, ní ìparí oṣù kẹrin. Gbígbọ̀n ọwọ́ mi ni awò náà ń sọ di ńlá, ojú rẹ̀ sì há débi pé ẹyẹ á ti fò kọjá kí n tó rí i nínú rẹ̀.

Ibẹ̀ dára fún wíwo àṣá ní ìgbà ìrúwé. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń gbé wọn ròkè kì í ru dáadáa lórí omi tútù, nítorí náà etí adágún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń padà sí àríwá ń tọ̀. Turkey Vulture, irú igún kan, kò yọ mí lẹ́nu, nítorí ó máa ń gbé apá méjèèjì sókè díẹ̀, á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì. Red-tailed Hawk, irú àṣá kan, kò nira láti mọ̀ pẹ̀lú, nítorí ó ní ìlà dúdú ní iwájú abẹ́ apá.

Àṣá méjì, Cooper's Hawk àti Sharp-shinned Hawk, ni wọ́n dá mi dúró. Àwọ̀ wọn jọra. Lóòótọ́ ni Cooper's tóbi jù, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, abo tóbi ju akọ lọ, tí abo Sharp-shinned ńlá fi ń súnmọ́ akọ Cooper's kékeré, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè fi wọ̀n wọ́n lójú òfuurufú. Mo wá gbára lé ìrù: etí ìrù Cooper's rí roboto, ti Sharp-shinned sì tọ́ bí ohun tí a gé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí Sharp-shinned bá tẹ́ ìrù rẹ̀ gbòòrò bí abẹ̀bẹ̀, òun náà á rí roboto. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi kọ Cooper's sílẹ̀ fún ẹyẹ mẹ́rìnlá, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Inú bí mi gidigidi.

Ìyá àgbà kan tí ó ti ń ka àṣá níbẹ̀ tipẹ́ ni ó sọ fún mi pé kí n wo orí. Sharp-shinned máa ń ti oríkèé apá síwájú, tí orí rẹ̀ kékeré kì í fi í yọ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí iwájú apá Cooper's fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan, tí orí rẹ̀ sì yọ síta. Ìfapá Sharp-shinned yá débi pé kò ṣeé kà, ti Cooper's sì wúwo.

Bí mo bá tún máa bẹ̀rẹ̀, awò onílọ̀ọ́po 8 ni màá rà, ojú lásán ni màá sì kọ́kọ́ fi tọ ẹyẹ lẹ́yìn láti òkèèrè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ọ̀kan yọ lókè igbó, orí rẹ̀ ti yọ síwájú, ìfapá rẹ̀ sì wúwo. Mo pè é ní Cooper's Hawk kí ó tó dé orí wa, ìyá náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìbi mí ní ìbéèrè kankan.