Bí tíṣà pámárì ṣe lè fi AI múra iṣẹ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, orí fóònù tiyín ni AI yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè bíi ChatGPT, máa wà o, ẹ má gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. ChatGPT fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀ pé ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 13 ò gbọdọ̀ lò ó, ọmọ pámárì mélòó ló wá ti pé 13?

Alẹ́ tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́sìn nótì ni kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ má kàn ní kó ṣe ìṣirò fún yín, torí àpẹẹrẹ pípín písà ló máa gbé wá fún ọmọ tí ò rí písà rí. Ẹ sọ kíláàsì, ẹ sọ ọjọ́ orí, ẹ sọ ohun táwọn ọmọ yẹn ń rí lójoojúmọ́. Èmi máa ń kọ ọ́ báyìí: "Pámárì 3 ni mò ń kọ́, ọmọ ọdún 8, fraction la wà, ṣe ìbéèrè 6 fún mi, fi búrẹ́dì àti ọsàn ṣe é, kí gbólóhùn má gùn." Tó bá ṣì le, ẹ ní kó dín in kù.

Tó bá wá kan Yorùbá, ẹ lajú yín dáadáa! Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn AI yìí ka 41 dé 50 fún mi, ó kà á dé mẹ́rìnlélógójì, ló bá ní "márùnlélógójì" ló kàn, bẹ́ẹ̀ márùndínláàádọ́ta ni, inú àádọ́ta la ti ń yọ ọ́. Àmì ohùn ńkọ́? Ó kọ ìtàn àgbẹ̀ kan fún mi, ọkọ̀ ni bàbá yẹn gbé kọ́ èjìká lọ sóko dípò ọkọ́. Torí náà ẹ ka gbogbo ẹ̀ sókè fúnra yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù.

Ẹ má kọ orúkọ ọmọ kankan sínú ẹ̀, ẹ má sì ya fọ́tò rìpọ́ọ̀tù káàdì wọn síbẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn ẹ̀ jù ni tí nǹkan ò bá yé ọmọ kan, ẹ ní kó fún yín ní ọ̀nà mẹ́ta míì tẹ́ ẹ lè gbà ṣàlàyé láìlo nǹkan olówó. Ọ̀kan nínú èyí tó fún mi lórí fraction ni pé kí ọmọ ká bébà, mo ya kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan, ọmọ yẹn ká a sí méjì, ó tún un ká, ó tú u, ó fi ìka kà á, ló bá pariwo pé "Àǹtí, mẹ́rin ni!"