Bí mo ṣe fi ọ̀rá piọ́ wọ́tà tú ìwé owó risífà wò l'Ógbómọ̀ṣọ́

Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn, Àlájì, ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ piọ́ wọ́tà kan sílẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Bàbá kú ní 2021, ìjà dé. Àlájì ní ó ti di tàwọn nìkan, àwa ọmọ ní irọ́ ni, la bá gba kóòtù gíga lọ. September 2022 ni adájọ́ ní kí gbogbo wa kúrò nídìí ẹ̀, wọ́n yan àkáǹtáǹtì kan láti Ìbàdàn ṣe risífà, kó máa gbowó ọjà, kó máa san gbèsè, kó bá wa tọ́jú ibẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Àbúrò mi ọkùnrin ní òun máa lọ ti géètì pa lọ́la, lọ́yà wa jágbe mọ́ ọn pé ṣé o fẹ́ sun àtìmọ́lé ni, risífà yìí kì í ṣe ọmọọṣẹ́ tiwa kì í ṣe ti Àlájì, kóòtù ló rán an, ẹni tó bá dí i lọ́wọ́, kóòtù ló tàbùkù.

Oṣù mẹ́rìnlá ló lò. Àwọn àgbà ti bá wa dá sọ́rọ̀ náà nígbà yẹn, èmi àti Àlájì ti ń kíra wa, a ní kí risífà kó ìwé wá, kó gba tiẹ̀, kó máa lọ ní àlàáfíà. Bíìlì tó gbé wá ńkọ́? 10% gbogbo ọjà tó tà, ìyẹn ₦1,628,000. Owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn, ₦420,000. Owó igbákejì ẹ̀ kan tẹ́nikẹ́ni ò fojú rí rí, ₦350,000. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín o, inú owó ilé iṣẹ́ ni owó risífà ti ń jáde, torí náà àti èmi àti Àlájì ló ń gé lára wa. Àlájì tí kì í dá mi lóhùn lóòótọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, "Ọmọ mi, ṣé o rí nǹkan tí mo rí?"

Mo jókòó mo kọ ojú ìwé mẹ́rin tako bíìlì yẹn, mo pe risífà lólè lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́yà kà á, ó fà á ya. Ó ní "owó yìí ti pọ̀ jù" ò já mọ́ nǹkan kan níwájú kóòtù, kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan: owó wo, eélòó, kí ló burú níbẹ̀, ẹ̀rí dà. Ó wá bá wa bẹ kóòtù kí wọ́n pàṣẹ pé kí risífà kó risíìtì, sítétímẹ́ǹtì báǹkì àti ìwé ọjà sílẹ̀. Gáná-mọ́sì-gò méjì ló fi kó o wá. Ilẹ̀ pálọ̀ màmá mi ni mo tẹ́ gbogbo ẹ̀ sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbẹ́ ògiri lèèyàn ń gbà kọjá.

Owó dísẹ́ẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ fò mọ́. Ó kọ ọ́ pé lítà kan lé ní ₦800 ní ìparí 2022, mo ní ọwọ́ ba ẹ̀ lónìí. Àfi ìgbà tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá ní àdúgbò Takie tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, iye tí gbogbo wọn ń rà á nìyẹn. Ọjà tó lọ sílẹ̀ ní February 2023 náà, mo ti fi àmì pupa sí i, kí n tó rántí pé ìgbà yẹn ni wọ́n pààrọ̀ owó tí náírà dàwátì, ta ló ń rówó ra omi? Mo yọ méjèèjì kúrò. Ojú tì mí díẹ̀.

Ìyá kan tó ti ń di omi níbẹ̀ látijọ́ ló là mí lójú. Wọ́n wá kí màmá mi, wọ́n rí mi láàárín ìwé, wọ́n ní, "Owó lò ń kà látàárọ̀, o ò ka ọ̀rá?" Ọ̀rá ńlá tí wọ́n ń kó ogún piọ́ wọ́tà sí ni wọ́n ń sọ. Àpò omi kan, ọ̀rá ńlá kan, kò sí bó ṣe lè jẹ́ méjì. Ha! Mo wá gbogbo risíìtì ọ̀rá jáde: 96,000 ni risífà rà. Àpò tó kọ pé òun tà, 81,400. Ọ̀rá tó kù ní sítọ̀ lọ́jọ́ tí a kà á, 2,100. Mo fi 2,500 sílẹ̀ fún èyí tó ya, kí wọ́n má baà ní mo le jù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àpò ò sí níbì kankan, ₦200 la sì ń ta ọ̀kan nígbà yẹn.

Rẹ́jísírà kóòtù ló yẹ ìwé náà wò lójú gbogbo wa. Mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, bébà kan ṣoṣo ni mo tẹ́ síwájú wọn. Risífà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú fún òun. Nígbà tó padà wá, ó mú ìwé àwìn kan dání tó wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń bá a tajà, 4,000 àpò ló wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ́tò gbé láwìn. 6,000 tó kù, kò rí nǹkan kan sọ. Ní tèmi o, mi ò rò pé òun fúnra ẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ìbàdàn ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń yọjú, ọmọ yẹn ló fi ilé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun ni kóòtù yàn, kì í ṣe ọmọ yẹn.

Adájọ́ gé 10% sí 5%, wọ́n ní iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò lè gba owó iṣẹ́ ojoojúmọ́, ó di ₦814,000. Wọ́n fún un ní ₦180,000 owó ọkọ̀, ibi tí risíìtì ẹ̀ dé nìyẹn. Ti igbákejì, òdo, torí kò gbàṣẹ kó tó gbà á síṣẹ́. Wọ́n wá ní kó san ₦1,200,000 fún 6,000 àpò. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ọkùnrin tó ń retí mílíọ̀nù méjì ó lé wá jẹ wá ní ₦206,000. Ó san án, lẹ́ẹ̀mejì. Iye tí lọ́yà wa gbà, ẹ má bi mí.

Lọ́jọ́ tí kóòtù tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ risífà, ó kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin lé èmi àti Àlájì lọ́wọ́ níwájú rẹ́jísírà, a fọwọ́ sí i. A dé ilé iṣẹ́, mẹ́ta ṣílẹ̀kùn. Ìkẹrin, títí di òní a ò tíì rí ibi tó ń ṣí.