Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Dáyárì fún Èèyàn Yín Tó Wà ní ICU

Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan tí ẹ ó máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn yín lójoojúmọ́ sí. Ẹ kọ orúkọ aláìsàn sí iwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi okùn so bírò mọ́ ọn, torí bírò kì í pẹ́ sọnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní ICU, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, nílùú Ọba. Bí ẹbí aláìsàn bá bi mí pé kí ni àwọn lè ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn.

Oògùn oorun tí a ń fún ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí máa ń kó ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìrànrán ló sì máa ń rọ́pò àwọn ọjọ́ náà, àwọn àlá tí onítọ̀hún gbà pé wọ́n ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, padà wá rí wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ ojú omi lóru, wọ́n dè mí mọ́lẹ̀, wọ́n ń gbé mi lọ tà." A ṣí ìwé tí ọmọbìnrin wọn kọ. Ó wà níbẹ̀: "Dádì, ní aago mọ́kànlá alẹ́ àná, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì yín lọ fún skáànì. Wọ́n fi bẹ́líìtì dè yín kí ẹ má baà já bọ́." Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n sì ń nù ún, wọn ò sọ̀rọ̀.

Christina Jones, nọ́ọ̀sì tó tún jẹ́ olùṣèwádìí, ló ṣáájú ìwádìí tó jáde ní 2010 lórí irú ìwé yìí: aláìsàn 352, ilé ìwòsàn 12, orílẹ̀-èdè 6 ní Yúróòpù. Nínú àwọn tó tètè gba ìwé wọn, bí 5 nínú 100 ni ìpayà ohun tójú wọn rí di àìsàn tí wọ́n ń pè ní PTSD fún. Nínú àwọn tí kò tíì rí tiwọn gbà, ó tó 13.

Bí ẹ ṣe ń pe onítọ̀hún nílé ni kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ nínú ìwé. Bó bá jẹ́ "Màmá, ẹ káàárọ̀" ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ déètì àti aago. Ẹ kọ ohun tí etí ń gbọ́ ní yàrá náà: ẹ̀rọ tó ń ké, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ pẹ̀lú ariwo omi, ohùn nọ́ọ̀sì òru. Nínú irú ariwo wọ̀nyí ni ìrànrán ti máa ń hù.

Ẹ má kọ ìjà ẹbí, owó, tàbí ẹni tí kò wá kí wọn. Ẹ kọ àdúrà yín, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ríran pé ọ̀tá ló wà nídìí àìsàn náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi síbẹ̀. Ẹni tí ọ̀tá ti ń lé kiri nínú ìrànrán ni yóò kà á.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ẹ má fi ti ara sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìṣẹ́jú mélòó, èèyàn mélòó ló dì wọ́n mú. Ní 2013, àwọn olùṣèwádìí nílùú London tẹ èsì iṣan itan aláìsàn 63 jáde: nígbà tó fi máa pé ọjọ́ kẹwàá ní ICU, bí 18 nínú 100 rẹ̀ ti lọ. Ẹni tí kò mọ èyí á délé, á máa bínú sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bó bá rí i kà pé èèyàn mẹ́ta ló gbé òun dìde lọ́jọ́sí, á mọ ibi tí òun ti ń bọ̀.

Àwọn ìyá kan máa ń sọ fún mi pé èèyàn kì í kọ àìsàn sílẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo máa ń ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gba bírò.

Ẹ má kánjú fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Ó lè tó oṣù kan lẹ́yìn ICU. Ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n ti ń kà á. Bí wọn ò bá fẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ pa mọ́.

Kí ẹ sì fi ojú ewé díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Mẹ́rin ló ṣẹ́kù nínú ti Bàbá Ìjẹ̀bú. Wọ́n fúnra wọn ló kọ èyí àkọ́kọ́, ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n: "Mo gun àtẹ̀gùn ilé mi lónìí. Mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì."